Ìyá àgbà tó ń sunkún ayọ̀

Ará Kubwa, Àbújá: Lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn irọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín. Wọ́n wá ṣí ẹ̀rọ omi kan ládùúgbò wa. Wọ́n ta kánópì, ọ̀gá kan gé rìbọ́ọ̀nù, omi tú yàà, a pàtẹ́wọ́. Ó di ọjọ́ kẹta, ẹnu ẹ̀rọ gbẹ. Àṣé jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi fa omi lọ́jọ́ náà, yíyá ni wọ́n yá a. Bí wọ́n ṣe ká kánópì ni wọ́n gbé e lọ. Mai ruwa wa, ẹni tó ń ta omi kiri, tún ti ọmọlańkẹ́ rẹ̀ dé, kẹ́ẹ̀gì ń ró gbàǹgàn-gbàǹgàn, ó wo ẹ̀rọ náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ kejì ni mo kà á nínú ìwé ìròyìn kan pé omi ń ṣàn lọ́dọ̀ wa, pé ìyá àgbà kan tilẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Ìyá àgbà wo? Mo lọ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà. Aláǹtakùn ti ta òwú dí i lẹ́nu. Mo gbé e sórí búlọ́ọ̀gù mi, mo sì kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ṣe ẹ̀rọ náà pé mo fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná. Òfin tí Jonathan fọwọ́ sí lọ́dún 2011 fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ọjọ́ 7 ló sì fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Èsì kò dé. Ìpè ló dé: "Àbúrò, kí lo fẹ́ gan-an? Wá ká jọ sọ ọ́."

Ìwé ìròyìn yẹn ńkọ́? Wọ́n rọra tún ìròyìn wọn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ṣe àṣìṣe. Wọ́n yọ ìyá àgbà. Wọn ò yọ omi.

Oníṣòwò, Kàdúná: Ẹ má bínú o, ẹ̀yin búlọ́gà náà ò mọ́ tán. Nígbà wàhálà Kasuwan Magani, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná níbí, ní October 2018, tí ìjọba ní kónílé-ó-gbélé, ọ̀kan nínú yín gbé fọ́tò ṣọ́ọ̀bù tó ń jó síta, ó ní ọjà wa ni. Ìyá mi rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó káwọ́ lérí. Èmi wà nílé, mò ń mu ẹ̀kọ. Pátákó tó wà nínú fọ́tò yẹn, èdè Faransé ni wọ́n kọ sí i! Mo ní kó yọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé mo dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni?"

Àgbà oníròyìn, Garki, Àbújá: Lọ́dún 1999, ìwé ìròyìn TheNEWS wádìí Salisu Buhari, ọmọ Kánò tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin, tó ní òun kàwé jáde ní Yunifásítì Toronto. Irọ́ ni. Kí July tó parí, ó ti fipò sílẹ̀. Ohun tó wù mí láti ṣe nìyẹn nígbà tí mo wọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn ò bá sanwó oṣù fún oṣù márùn-ún, tí ẹnìkan wá na àpòòwé sí ọ, tó ní owó mọ́tò ni, wàá gbà á. Mo gbà á. Wọ́n á ti tẹ ọ̀rọ̀ tí a máa kọ fún wa ṣáájú, títí kan ìyá àgbà. Bí wọ́n bá ti gé rìbọ́ọ̀nù, a ti wọkọ̀ nìyẹn. Nínú gbogbo ẹ̀rọ omi tí mo kọ ìròyìn rẹ̀, n kò padà lọ wo ẹyọ kan.