Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìdílé mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Ire: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ àti ìdílé tó wà nínú ìṣòro ni mo ń ṣe. Ètò pàṣípààrọ̀ kan fáwọn òṣìṣẹ́ bíi tèmi ti gbà mí: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lókè òkun. Lọ́sàn-án, màá máa tẹ̀ lé àwọn akẹgbẹ́ mi lọ síbi iṣẹ́ wọn. Lálẹ́, ilé onílé ni màá sùn. Ìdílé mẹ́ta ni, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. N kò gbé lọ́dọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, kí ni kí n mú dání, kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ̀gbọ́n_Akọ̀wé: Àbúrò, o kú oríire. Fi ọ̀rọ̀ ẹrù sílẹ̀ ná. Kọ lẹ́tà sí ìdílé kọ̀ọ̀kan kó o tó gbéra: ohun tí o kì í jẹ, oògùn tí ò ń lò, ẹran ọ̀sìn tí ara rẹ kò gbà. Èmi kò sọ. Ológbò mẹ́ta ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́rin lojú mi fi wú, ìyá onílé sì ń bẹ̀ mí bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ mí.

Bọ̀sẹ̀_Tísà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ló kó bá èmi. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo ní kí n ran onílé lọ́wọ́. Mo kó abọ́ sínú ẹ̀, mo da ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọwọ́ fọ abọ́ sí i, mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó jókòó, ìfófòó ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá mi lẹ́sẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọṣẹ ẹ̀rọ yẹn, kì í hó. Bàbá onílé mú aṣọ ìnulẹ̀ méjì, ó ju ọ̀kan sí mi, a jọ kúnlẹ̀.

Torí náà, lálẹ́ àkọ́kọ́, ní kí wọ́n mú ẹ yí ilé po. Ilẹ̀kùn míì máa ń ti ara ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ á sì wà nínú ilé. Béèrè ta ló ń kọ́kọ́ wẹ̀ láàárọ̀. Bó bá jẹ́ Japan lo lọ, ìta ọpọ́n ni kó o ti wẹ ara ẹ mọ́ kó o tó wọnú ẹ̀, má sì tú omi náà dànù, nítorí omi kan náà làwọn ará ilé yòókù ń bọ̀ wá wọ̀.

Màmá_Nọ́ọ̀sì: Ẹ ti sọ̀rọ̀ ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́. Ọmọ mi, wọ́n á bi ẹ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ pé kí lo rí lónìí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè, ara ìwọ náà á sì ti máa yá láti sọ ọ́. Ìlú kékeré ni wọ́n fi mí sí. Mo ní a bá obìnrin kan wá ilé torí pé ọkọ ẹ̀ ń lù ú. N kò dárúkọ. Mo kàn sọ pé ọmọ ẹ̀ wọ bàtà òjò aláwọ̀ ìyeyè. Síbí dúró lọ́wọ́ ìyá onílé. Kíláàsì kan náà lọmọ tiwọn àti ọmọ yẹn wà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi palẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá tó ń mójú tó mi níbi iṣẹ́.

Sọ nípa òfin wọn, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́, iye ìdílé tó wà lọ́rùn òṣìṣẹ́ kan. Ti èèyàn, rárá, títí dórí bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀.

Àdùkẹ́_Ire: Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ìyẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ní òun lè bá ọ̀rẹ́ mi gba fọ́ọ̀mù Group Study Exchange, ètò pàṣípààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti ẹgbẹ́ Rotary. Ṣé kó sanwó?

Ẹ̀gbọ́n_Akọ̀wé: Kó má san nǹkan kan! Ọdún 1965 ni Rotary bẹ̀rẹ̀ ètò yẹn, wọ́n sì ti fòpin sí i ní 2013. Fọ́ọ̀mù ohun tí kò sí mọ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún un. Bí iṣẹ́ yín bá jọra, kó wo Council of International Fellowship, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò pàṣípààrọ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ bíi tiyín, tó ti wà láti 1960. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Servas ń fini sílé onílé lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ alẹ́ méjì ló sábà máa ń jẹ́, kò sì kan iṣẹ́.

Ọmọ_Àlejò: Nínú ilé mẹ́ta, ọ̀kan lè má bá ẹ lára mu. Ilé kejì tèmi dákẹ́ bí ìdánwò. Mi ò wọ yàrá lọ ti ara mi mọ́lé. Mo ń bá wọn ká aṣọ lálẹ́, ó tó. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń wọ yàrá ẹ láìkànlẹ̀kùn, pe alábòójútó ètò lọ́jọ́ náà gan-an. Má ní ọ̀sẹ̀ méjì ò ní pẹ́ pé.

Àdùkẹ́_Ire: Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ìdílé àkọ́kọ́. Ṣé kí n sọ fún wọn pé mo máa ń hanrun?

Bọ̀sẹ̀_Tísà: Ìlà àkọ́kọ́ ni kó o kọ ọ́ sí.