Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àbúrò mi tó wà lẹ́wọ̀n ò fẹ́ dá lọ́yà ìjọba lóhùn

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni. Ó ń ṣẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ New York níbí. Àwọn wọ́dà lù ú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá rẹ̀ kán. Ó fẹjọ́ sùn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n títí dé òkè pátápátá, kò rí nǹkan kan gbà, ló bá gbé wọn lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ti Gúúsù New York. Kò ní lọ́yà. Ní báyìí, lọ́yà ìjọba ti kó ìwé oríṣi mẹ́ta ránṣẹ́ sí i: ìbéèrè tí yóò dáhùn, ìwé tí yóò kó wá, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó jẹ́wọ́ tàbí kó sẹ́. Inú ń bí i. Ó ní wọn ò tíì fún òun ní fídíò ọjọ́ náà, òun náà ò ní dá wọn lóhùn. Ṣé ó tọ̀nà? Ṣé mo lè bá a dáhùn kí n sì fọwọ́ sí i?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kó dáhùn kíákíá. Discovery ni wọ́n ń pe abala yìí, níbi tí oníkálùkù ti ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ han ẹnìkejì. Òfin 26 ti kóòtù ìjọba àpapọ̀ ò gba "ṣe tìrẹ kí n tó ṣe tèmi." Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti jẹ́wọ́-tàbí-sẹ́ yẹn. Bí 30 ọjọ́ bá kọjá tí kò fèsì, Òfin 36 sọ pé ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló kọ́kọ́ gbá wọ́dà lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ńkọ́? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ ò lè bá a fọwọ́ sí i, mà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò búra sí ìdáhùn rẹ̀. Kò nílò nótírì: kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun mọ̀ pé ìyà wà fún ìbúra èké, pé òótọ́ lòún sọ, kó kọ déètì, kó fọwọ́ sí i. Bí ọjọ́ ò bá tó, kó tètè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún.

Ìyá Àdùkẹ́: Kó kọ̀wé sí adájọ́ pé wọ́n gbé fídíò pamọ́!

Bàbá Brooklyn: Kò tíì kan adájọ́, ẹ̀gbọ́n. Lọ́yà ìjọba ni kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́, ìhà kọ̀ọ̀kan ní láti fi orúkọ ẹlẹ́rìí àti ìwé rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, àmọ́ òfin yọ ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní lọ́yà kúrò nínú èyí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀, wọ́n á kàn máa retí.

Ìyá Ìbejì, oore kan wà ní Gúúsù New York. Òfin abẹ́lé 33.2 wọn ní ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ẹjọ́ pé wọ́dà lu ẹlẹ́wọ̀n. Ìjọba gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀, kó sì kó ìwé wá, láàárín 120 ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìwé ẹ̀sùn lé olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́. Kó wo àṣẹ adájọ́ dáadáa, bóyá ọjọ́ náà ti pé.

Síbẹ̀, kó béèrè tirẹ̀ náà. Kó má kàn kọ "gbogbo fídíò." Kó kọ déètì, wákàtí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wo, kámẹ́rà ara ògiri àti èyí tí wọ́dà so mọ́ àyà, fọ́tò apá rẹ̀, ìwé tí wọ́dà kọ lẹ́yìn ìjà. Lónìí náà ni kó kọ lẹ́tà pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa fídíò náà rẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀ lẹ́yìn tó ti bá wọn sọ ọ́, ìgbà yẹn ni yóò lọ bá adájọ́ lábẹ́ Òfin 37, kó sì fi lẹ́tà tó kọ sí wọn hàn.

Ìyá Ìbejì, Bronx: Ẹ ṣeun, sà. Wọ́n tún ní kó fọwọ́ sí ìwé kí àwọn lè rí fáìlì ìwòsàn rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n fẹ́ rí i o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Apá tó kán wà nínú ẹjọ́, kò lè fi ìwé apá pamọ́. Ti kékeré yẹn, ó lè ta kò ó, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì fún wọn ní èyí tó kan apá. Ẹ bá a ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé, ẹ tọ́jú ẹ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má sì máa sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lórí fóònù ẹ̀wọ̀n, mà. Wọ́n ń gbà á sílẹ̀, lọ́yà ìjọba sì lè béèrè fún un.