Táyà ẹ̀yìn mọ́tò oníná ń tètè jẹ: báwo la ṣe ń pààrọ̀ àyè wọn?

Ará Kàbbà: Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Mọ́tò oníná tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì iná rẹ̀ ń yí ni. Ní 15,000 kìlómítà, eyín táyà ẹ̀yìn ku mílímítà 3, ti iwájú ku 6. Kí ló fà á?

Ará Ìsánlú: Ọ̀kun. Bátìrì wúwo, agbára iná sì ń dé táyà lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti tẹ tọ́tù. Bí ẹ bá tún gbé ẹsẹ̀ kúrò, táyà ẹ̀yìn yẹn náà ló ń fà á dúró kí iná lè padà sí bátìrì.

Ẹ wo nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára táyà. Bí ti ẹ̀yìn bá fẹ̀ ju ti iwájú lọ, ẹ má fi ti ẹ̀yìn pààrọ̀ àyè ti iwájú. Bí wọ́n bá dọ́gba, ti ẹ̀yìn á lọ síwájú tààrà; ti iwájú á lọ sẹ́yìn, ọ̀tún sí òsì, òsì sí ọ̀tún. Táyà tó ní àmì ọfà kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún tàbí òsì tó wà. Ẹ máa ṣe é ní 8,000 sí 10,000 kìlómítà.

Ará Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ jáàkì! Abẹ́ ọkọ̀ ni bátìrì tẹ́ sí. Ojú ibi tí ìwé ìlò ọkọ̀ fi hàn nìkan ni kí fọkanáísà gbé jáàkì sí. Bí etí inú táyà nìkan ló jẹ, àláìmẹ́ǹtì (títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́) ni ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Ará Mopa: Ẹ wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, bí ìwé ara férémù ilẹ̀kùn ṣe wí.