Àìsàn eegun wà nínú ẹbí ọkọ mi ní Jàpáànì, ṣé ọmọ inú mi lè ní in?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tokyo la wà, ọmọ Jàpáànì lọkọ mi, oyún oṣù mẹ́rin ló wà lára mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ pé ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin bí ní hypophosphatasia, eegun ọmọ yẹn rọ̀ látinú oyún, àyà ẹ̀ kéré débi pé kò lè mí dáadáa, tẹ́ẹ̀sì jíìnì fi hàn pé c.1559delT, ìyẹn orúkọ ìbàjẹ́ jíìnì kan, méjì ló ní. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ ẹ̀. Mi ò rí oorun sùn mọ́.

Màmá Tọ́lá: Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ìyá ọkọ ẹ ń bo àṣírí ilé, kò burú, àmọ́ oyún kọ́ la fi ń bo àṣírí.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Àbúrò, fara balẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ AS àti SS tá a mọ̀ nílé, ọmọ náà gba ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, ẹyọ kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ń gbé e, ọkọ tìẹ náà lè máa gbé e, ìdajì ìdajì ni. Jíìnì ALPL ló bàjẹ́, òun lara fi ń ṣe ALP, èròjà kan tó wà nínú eegun àti ẹ̀jẹ̀, ALP ló sì ń tú pyrophosphate ká, ìyẹn nǹkan tí kì í jẹ́ kí eegun le, tí ALP ò bá sí, ìyẹn á kó jọ, eegun ò ní le. Àwọn ará Jàpáànì ni c.1559delT wọ́pọ̀ lára wọn, nínú nǹkan bí 480 èèyàn, ẹnì kan ń gbé e. Ìwọ tó o jẹ́ Yorùbá, ó ṣòro kó o ní ìyẹn gan-an, àmọ́ oríṣi ìbàjẹ́ ALPL lé ní 400.

Oníbéèrè: Ẹ ṣé mà. Ṣé kí n lọ yẹ ALP tèmi wò lọ́la?

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Má tíì lọ o! Ibi ọmọ máa ń gbé ALP sókè, èsì ẹ̀ á kàn tàn yín jẹ ni. Ọkọ ẹ ni kó ṣe tẹ́ẹ̀sì jíìnì lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá ní in, kí wọ́n wá yẹ gbogbo ALPL tìẹ wò.

Bọ̀dá Osaka: Àǹtí, ẹ béèrè fún iden kaunseringu, ìyẹn ìmọ̀ràn lórí àìsàn àjogúnbá, ní ọsibítù ńlá, kẹ́ ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ọmọ yẹn dání. Ìwòsàn sì wà, abẹ́rẹ́ Strensiq, Jàpáànì fọwọ́ sí i ní 2015 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i, àfi pé ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gún un. Àìsàn yẹn wà lára nanbyō, ìyẹn àwọn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n tó sì ṣòro wò, tí ìjọba ń ranni lọ́wọ́ lé lórí.

Oníbéèrè: Ọkọ mi ti gbà, ó ní òun á pe ẹ̀gbọ́n òun lálẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ọsibítù tí wọ́n ti ń sọ Òyìnbó dáadáa ní Tokyo?