Ìwé ìlù tí mo gbé tọ onílù lọ: ẹ wá sọ ìrírí tiyín nípa àgbéyẹ̀wò ìwé

Ará Ìbàdàn:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ àgbéyẹ̀wò ìwé: ìwé ìtàn, ìwé orin, ìwé iṣẹ́ ọnà. Ọ̀kan wà tó yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ náà padà. Òun ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín.

Olóòtú ìwé ìròyìn kan ló gbé ìwé náà fún mi. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le koko, fọ́tò mèremère kún inú rẹ̀, orí ìlù dùndún ló sì dá lé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà á, mo sì kọ àgbéyẹ̀wò tí mo fi yìn ín dáadáa. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí n fi ránṣẹ́, mo lọ kí bàbá kan, ọmọ Àyàn, ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Àna ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ìwé náà wà nínú báàgì mi, mo ní kí n fi àwọn àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n kí inú wọn lè dùn.

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n ń ṣí i lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí onílù kan ti ń lu ìyáàlù, àgbà ìlù dùndún tó ń sọ̀rọ̀, níwájú olówó kan, wọ́n dúró. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e jìnnà.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni onílù yìí?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, ọwọ́ òsì ló fi di kọ̀ǹgọ́ tí wọ́n fi ń lù ú mú, ọ̀tún ló fi ń fún ọsán, okùn awọ ara ìlù. Mo ní, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Wọ́n mi orí. Wọ́n fi ìka kan agbádá ẹni tí wọ́n ń lùlù fún: "Àpò agbádá náà wá bọ́ sí ọ̀tún? Ta ni aránṣọ tó rán irú èyí?" Ìgbà náà ló tó yé mi pé òdì ni wọ́n tẹ fọ́tò náà. Ẹni tó kọ ìwé kò rí i, ilé ìtẹ̀wé kò rí i, èmi tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kà á náà kò rí i. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "onílù Yorùbá kan" lọ. Ìwé yẹn dárúkọ igi ọmọ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ ìlù, ó dárúkọ awọ ewúrẹ́, ó dárúkọ ṣaworo. Onílù nìkan ni kò lórúkọ.

Bàbá ní kí n ka ọ̀rọ̀ ìlù tó wà nínú rẹ̀ kí àwọn gbọ́. Kò sí àmì ohùn kankan lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Mo ka ìlà kan tán, Bàbá mú ìyáàlù kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e kọ́ èjìká, wọ́n ní, "Ohùn wo ni kí n fi lù ú?" Mo dákẹ́. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá: bákan náà ni ìwé yẹn kọ gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ìlù kò lẹ́nu tó máa fi pe lẹ́tà, ohùn nìkan ló ní. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ìlù tó yọ ohùn sílẹ̀, kí ló kù níbẹ̀?

Wọ́n wá lu ọ̀kan tí àwọn tó gbọ́ rédíò láyé ọjọ́un máa mọ̀, ìlù tí iléeṣẹ́ rédíò Nàìjíríà fi ń ṣí ètò. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn oníṣẹ́ rédíò ní ìlù náà ń sọ, pé iléeṣẹ́ rédíò Nàìjíríà rèé. Ohun tí etí àwọn èèyàn wa gbọ́ ni, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Bàbá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbọ́ Olúbàdàn, ohùn kan náà sì ni. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Kò tó kó o gbọ́ ìlù. Bi onílù pé kí ló ń sọ, ta ló ń sọ ọ́ fún, ọjọ́ wo ni."

Mo fa àgbéyẹ̀wò àkọ́kọ́ ya. Mo kọ òmíràn. Mo ṣì yin ohun tó yẹ ní yíyìn: bó ṣe ṣàlàyé pé gúdúgúdú, ìlù kékeré inú ẹgbẹ́ dùndún, ló ń di ìlù mú kí ìyáàlù lè ráyè sọ̀rọ̀, mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dáa tó bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ ti fọ́tò, ti àmì ohùn, ti orúkọ tí kò sí. Olóòtú gé e sí ìdajì, ìdajì tí Bàbá wà ló sì gé dànù. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ fi àgbéyẹ̀wò irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti wò ó. Ti aṣọ òfì, mo gbé e dé Ìsẹ́yìn. Ti àdìrẹ, Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta ni.

Ọmọ Obòkun:

Ẹ ṣeun, Ará Ìbàdàn. Ìwé ìtàn ni tèmi. Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa ní kí n ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi, ìtàn Ògèdèngbé, jagunjagun Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n ń sọ fún wa lálaalẹ́ títí oorun á fi gbé wa lọ. Tìbínú-tìbínú ni mo ṣí ìwé yẹn, torí mo ti gbọ́ pé ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo gbogbo wa. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin, ẹ̀sùn ni látòkè délẹ̀.

Ìyàwó mi ló bi mí pé, "Ṣé ẹ ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú?" Mi ò kà á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó kà á. Ọdún 1897 ni Johnson parí iṣẹ́ náà l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó fi ránṣẹ́ ní 1916 nínú ọkọ̀ òkun Appam. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Jámánì gba Appam lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ẹrù náà tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Obadiah náà kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921.

Oorun dá lójú mi. Ìwé tí mò ń bá jà sọnù lẹ́ẹ̀kan, ó kó sọ́wọ́ ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣe é kò sì fojú kàn án. Mi ò yọ ẹ̀sùn mi kúrò o. Ojú Ọ̀yọ́ ló fi wò wá lóòótọ́, a ó sì máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Johnson yìí náà wà lára àwọn tó gbé lẹ́tà láàárín ibùdó ogun méjèèjì nígbà ogun Kírìjì, ti Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ tí Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀, kí àdéhùn àlàáfíà 1886 tó wáyé. Etí rẹ̀ gbọ́ ìbọn yẹn, kí-rì-jì, kí-rì-jì, bí ìyá àgbà ṣe máa ń fẹnu dún un fún wa. Mo tún un kọ: mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Johnson lórí ogun kan náà. Ibi tí wọ́n ti bára mu pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọmọ Ọlọ́sunta:

Tèmi kò gùn. Ìkéré-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ wà ní British Museum níbí. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley ní 1924, àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún Ògògà dípò rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé kan lórí ọnà ilẹ̀ Áfíríkà. Àwòrán ilẹ̀kùn náà gba odindi ojú ìwé kan, "iṣẹ́ Yorùbá" ni wọ́n pè é. Mo wá Ọlọ́wẹ̀ lẹ́yìn ìwé níbi tí wọ́n to orúkọ sí, kò sí níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń kì í fún olùwádìí, ó ń ka àwọn ìlú tí ọkọ òun ti ṣiṣẹ́. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò mi.

Ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ béèrè orúkọ onílù inú fọ́tò yẹn?

Ará Ìbàdàn:

Mo béèrè o. Mo kọ lẹ́tà sí ẹni tó kọ ìwé. Oṣù mẹ́ta kọjá kó tó fèsì. Ó ní òun ti wá a rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ òun, orúkọ àti agboolé, pé òun á fi sí i bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀. Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, mo ka orúkọ náà fún Bàbá lójú ọ̀nà àbáwọlé. Bàbá mọ ilé onílù náà. Kí n tó ríbi jókòó, wọ́n ti ń fi ìyáàlù kì í.