Póòpù Julius Kejì: kí ló ń fi iṣẹ́ ọnà wá gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Póòpù Julius Kejì kó ọmọ ogun lọ gba ìlú Bologna ní Ítálì ní 1506. Ó ní kí Michelangelo, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, fi idẹ rọ ère òun síbẹ̀. Nígbà tí ìlú náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1511, wọ́n fọ́ ère ọ̀hún, wọ́n fi idẹ rẹ̀ rọ ìbọn àgbá! Ó dùn mí gan-an. Nínú àwòrán tí ayàwòrán Raphael yà á, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó di apá àga mú. Ọkùnrin yìí kan náà ló gbé iṣẹ́ yíya àwòrán sí àjà ilé ìsìn Sistine ní Vatican fún Michelangelo ní 1508. Ṣé agbára ìṣèlú ló ń fi ọnà wá ni, àbí ó fẹ́ràn ọnà dénú? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.