Àbúrò mi mọ̀ pé géètì ti tì, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò gbà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àbúrò mi ọkùnrin á ti géètì, á fa àgádágodo wò, á wọlé, á tún jáde lọ fà á, títí ìka rẹ̀ á fi pọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ní òun mọ̀ pé ó ti tì. Dókítà ní OCD ni, àìsàn tí èrò kan kì í fi í fini sílẹ̀, tó ń múni ṣe ohun kan náà léraléra. Ó kọ oògùn sertraline fún un. Kò tíì tó oṣù kan, a ò sì rí ìyàtọ̀. Màmá wa ní ká jáwọ́, pé ta ló ń fi oògùn wo èrò? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ gan-an?

Apoògùn Ìbàdàn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n má dá a dúró. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí oògùn yìí tó fi ara hàn dáadáa lórí OCD, ìwọ̀n tó ń ràn án sì sábà máa ń ju ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ. Dókítà ló máa fi kún un o.

Ọ̀nà kan ń yí po nínú ọpọlọ: láti iwájú, lókè ẹyinjú, lọ sí caudate, sí thalamus (apá méjì tó wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún), padà síwájú. Iwájú yẹn wà lára ohun tó ń kìlọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́. Nínú OCD, ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ jù, ìkìlọ̀ náà kì í sì í rọlẹ̀ bí ojú tilẹ̀ ti rí àgádágodo. Serotonin wà lára kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Sertraline kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó tú u jáde tètè fà á padà.

Ìyá Ìbejì: Ṣé serotonin rẹ̀ ló kéré nìyẹn?

Apoògùn Ìbàdàn: Rárá mà, ẹ̀rí ìyẹn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Oògùn ló jẹ́ ká mọ̀ pé serotonin lọ́wọ́ sí i: clomipramine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún OCD ní 1989, ṣiṣẹ́, desipramine, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kan serotonin, kò ṣe é ní nǹkan. Glutamate àti dopamine, àwọn kẹ́míkà ọpọlọ mìíràn, náà lọ́wọ́ sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Èmi náà ní i. Oògùn nìkan kọ́ ló ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ mi láti ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, kí n jókòó, kí àyà mi máa já títí á fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1992, àwọn oníwádìí ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán ọpọlọ àwọn aláìsàn: àwọn tí fluoxetine, oògùn irú sertraline, ràn lọ́wọ́ àti àwọn tí irú ẹ̀kọ́ yìí ràn lọ́wọ́ láìlo oògùn, iṣẹ́ caudate àwọn méjèèjì ló rọlẹ̀. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣé ó máa ń ní kẹ́ ẹ bá òun wo géètì?

Olùbéèrè: Lóru pàápàá. Mo máa ń dìde lọ wò ó fún un kó lè sùn. Ṣé kí n jáwọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má jáwọ́ lójijì. Ẹ bá a sọ ọ́ lọ́sàn-án tí ara rẹ̀ balẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó máa wò ó, lẹ́yìn náà ẹ ó máa dín in kù.